Okùn Àwọ̀n Tí Mo Fi So Bíbélì Mi

Nígbà tí orúnkún mi kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìrora, tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìlàjẹ dé Abúlé Òkúta ní àràárọ̀, tí mo sì tún ń fi ẹsẹ̀ kan náà rìn padà lọ́sàn-án… ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó ti ń gbà á. Ó dáa. Gbé e sórí àga, Tèmi, má fi ọwọ́ dì í mú.

O ní ìwọ nìkan ni wàá máa gbọ́ ọ. O ní o fẹ́ máa gbọ́ ohùn ìyá ìyá rẹ bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ ní Ṣómólú. Nígbà náà, a lè sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan pamọ́. Ní kíláàsì mi, a kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láìkọ àkọlé sójú pátákó, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé ọ wá. Wọ́n rí kókó kan ní ọmú rẹ. Dókítà gé bíńtín níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí o wá gbọ́ èsì. Òní ni ọjọ́ Ajé. O kò jẹun dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O sì sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé o kò lè gbàdúrà mọ́, pé bí o bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Má sunkún. Tàbí kí o sunkún, kò burú. Ṣùgbọ́n máa gbọ́ mi lọ.

Ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni mí, o mọ̀. Onítẹ̀bọmi ni wá nílé. Bí ẹni ń kọ lẹ́tà ni bàbá mi ṣe máa ń gbàdúrà: ìkíni, ohun tó fẹ́ sọ, ìparí. Kò ní fi ọ̀kan ṣáájú èkejì. Bí mo ṣe mọ àdúrà nìyẹn. Mo wá ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Èkó, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abúlé Òkúta, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé bàbá ìyá rẹ. Ẹ̀bùn ni orúkọ rẹ̀. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Mo gbé ìwé, mo gbé gègé. Mo ní, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà?"

Ó ní, "Apẹja ni mí."

Mo ní, "Níbo lẹ ti ń pa á?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Nínú omi ni, Tíṣà. Ṣé ẹ mọ ibòmíì ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo ti di ìyàwó ilé wọn.

Ìlàjẹ tiwa létí ọ̀sà nígbà yẹn… o kò lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ máa ń wo ọ̀nà afárá gígùn yẹn, iná rẹ̀ ń tàn wá sójú àwọn ilé Ìlàjẹ. Kò sí afárá kankan lójú ọ̀sà nígbà náà. Iyanrìn tí wọ́n ń dà sómi kí wọ́n lè kọ́lé sí i, kò tíì dé. Ilé pákó ni tiwa, ó dúró lórí òpó, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ìdọ̀tí á gba àárín pákó bọ́ sómi, iṣẹ́ parí. Oṣù kìíní tí mo débẹ̀, n kò lè sùn. Mo rò pé a máa ṣàn lọ. Ẹ̀bùn ní, "Bí a bá ṣàn lọ, a ó ṣáà jọ ṣàn lọ ni." Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn.

Àwa àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin kúkúrú, kò sanra, ohùn rẹ̀ ló pọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, wọ́n kì í wọ bàtà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tiwa sì rèé, bàtà dídán la fi ń mọ ọjọ́ Ìsinmi. Ó máa ń wo bàtà mi, á rẹ́rìn-ín, kò ní sọ nǹkan kan. Omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀bùn kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà náà. Wọn kò rí i títí dòní. Iṣẹ́ ẹja yíyan ni Yèyé fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn apẹja á pa ẹja ní òdìkejì ọ̀sà. Àwọn obìnrin alájàpá á rà á lọ́wọ́ wọn lójú omi, wọ́n á kó o wá fún Yèyé nínú agbọ̀n láràárọ̀. Yèyé á yan án lórí ààrò tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Amọ̀ ni ààrò náà, wáyà wà lórí rẹ̀. A ó to ẹja sórí wáyà, a ó máa fi igi ṣe èéfín sí i, a ó sì máa yí i. Yíyí yẹn ni iṣẹ́. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, apá kan á jóná, apá kejì á máa ṣẹ̀jẹ̀. Alájàpá á sì máa fi ẹja kan lé orí agbọ̀n, ìyẹn ni èènì, ti onílé ni. Ṣé o gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa? Kí ni wọ́n ń fi lé orí agbọ̀n? Dá mi lóhùn. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹja kan. Ti onílé.

Ní ọjọ́rú kan, Ẹ̀bùn tu ọkọ̀ jáde ní ìdájí. Òun nìkan ni. Mo ti lóyún ìyá rẹ, oṣù kẹrin. Ó ní òun á dé kí n tó dé láti ilé ẹ̀kọ́. Lọ́sàn-án, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́wọ́ ni ojú ọjọ́ yí padà. Ìjì tó jà lọ́jọ́ náà, ó ṣí páànù apá kan ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo kó àwọn ọmọ sábẹ́ tábìlì. Ẹnu ni mo fi ń kọrin fún wọn, ọkàn mi ti wà lójú omi.

Mo sáré délé. Kò tíì dé.

Ilẹ̀ ṣú. Kò dé. Ilẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́bọ̀. Kò dé.

Lónìí, o ó tẹ fóònù. Kí ni èmi fẹ́ tẹ̀? Àwọn ọkùnrin àdúgbò tu ọkọ̀ jáde lọ wò, wọ́n padà dé, wọn kò wò mí lójú. Yèyé wọ aṣọ àdúrà rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń lọ gbààwẹ̀ níbẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó, agbọ̀n ẹja á dé lọ́la. Yan án. Má jẹ́ kí ẹja ẹlẹ́ja bàjẹ́. Bí ohunkóhun bá sì ti dé, sáré wá pè mí."

Mo ní, "Ó dáa, Yèyé."

Nínú ọkàn mi, inú bí mi. Ẹja? Ọkọ mi wà nínú omi, ẹja ni ẹ ń rò?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, n kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá Rísí gbé agbọ̀n dé. Ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tèmi ni Ìyá Rísí, Mùsùlùmí ni, alájàpá tó lẹ́nu bí abẹ ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ àpárá. Ó rọra sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, èmi náà ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún yín o." Ó fi ọwọ́ kan ẹja òkè. Ó ní, "Eléyìí, ti ilé yín ni. Ẹni tó gbé e fún mi lójú omi kò sọ ju pé kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ni mo rò? Mo rò pé èènì ni. Kí ló tún lè jẹ́?

Òbọ̀kún ni ẹja náà, ó tó apá mi. Wọ́n so okùn mọ́ ìdí ìrù rẹ̀. Okùn àwọ̀n, àwọ̀ búlúù, ó gùn gbọọrọ. Mo rí i o. N kò ní sọ pé n kò rí i. Inú tilẹ̀ bí mi sí i, nítorí pé a kì í yan ẹja tòun ti okùn. Mo mú abẹ, mo gé e. Mo fẹ́ jù ú sómi. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wá, àwa tíṣà, a kì í ju okùn tó dáa nù. Èèpo Bíbélì mi ti já láti ìgbà tí mo ti gbé e bọ̀ láti ilé, ewé rẹ̀ ti ń tú. Mo fi omi ṣan okùn náà, mo fi so Bíbélì mi pọ̀. Mo ta á ní ìdì sí iwájú. Mo to ẹja sórí wáyà. Mo dáná.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo yí ẹja. Nígbà tó yá, mo fẹ́ gbàdúrà. Mo ní, "Bàbá wa ọ̀run," ó tán. N kò rí ọ̀rọ̀ kejì. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọdé ní àdúrà. Mo gbé Bíbélì mi sórí ẹsẹ̀, n kò tilẹ̀ lè tú okùn ara rẹ̀ láti ṣí i. Mo kàn gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni gbé ọmọ. Mo ń sunkún. Bí èéfín bá wọ̀ mí lójú, màá sọ fún ara mi pé èéfín ni. Mo sọ fún Ọlọ́run pé, bí Ẹ bá wà níbẹ̀, Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mi. Ọ̀kan péré. Mo ń retí. Mo ń gbọ́ bí òróró ẹja ṣe ń kán sínú iná.

Ìròyìn ni mo ń retí, ṣé o rí i? Mo ń retí pé ẹnì kan á rìn wọlé, tàbí kí ìwé dé. Ní orí tèmi, ìwé ni ìròyìn máa ń bá dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Yèyé dé. Ó ti gbẹ. Ètè rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ṣé nǹkan kan dé?"

Mo ní, "Rárá, Yèyé. Nǹkan kan kò dé."

Ó jókòó tì mí nídìí ààrò. Ó ní, "Gbé Bíbélì rẹ wá. Ka nǹkan kan fún mi. Èmi ti gbààwẹ̀ débi tí ohùn mi fi pin." Mo nà án sí i. Ó gbé e dé itan, ó dá ọwọ́ dúró. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó fi àtàńpàkò wá òpin okùn náà, ó kan kókó ibẹ̀. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta.

Ó ní, "Ta ló fún ọ ní okùn yìí?"

Mo ní, "Mo gé e lára ẹja ni."

"Ẹja wo?"

"Èyí tí Ìyá Rísí gbé wá. Èènì."

"Ìgbà wo?"

"Àná."

"Ẹja náà dà?"

Mo na ọwọ́ sí orí wáyà. Ó ti pọ́n, ó ti gbẹ, ó dùn-ún wò. Tèmi, obìnrin náà tẹjú mọ́ ẹja yẹn, ó tẹjú mọ́ mi, ó na ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, tòun ti eérú. Ó ní, "Ọkọ rẹ wà láàyè. Tíṣà burúkú, ọkọ rẹ ti ránṣẹ́ sí ọ láti àná, o yan iṣẹ́ tó rán."

Ìgbà náà ló wá ṣàlàyé. Nígbà tí omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ, ohun tó pa á lára jù ni àìmọ̀. Ó ní òun jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun kò mọ̀ bóyá kí òun retí ni tàbí kí òun sunkún. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wọ ọkọ̀, ó kó wọn jọ. Ó ní bí ohunkóhun bá dá ẹnikẹ́ni nínú wọn dúró lójú omi, kí ó wá ẹja kan, kí ó so okùn àwọ̀n ara rẹ̀ mọ́ ìrù rẹ̀, kí ó fi gbọọrọ sílẹ̀ kí ojú lè rí i, kí ó gbé e fún alájàpá tó bá ń bọ̀ ní Ìlàjẹ. Àkọ́bí á ta kókó kan. Èkejì á ta méjì. Ẹ̀bùn ni ẹ̀kẹta. Ilé wọn nìkan ló ń ṣe é. Mo ní, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi? Yèyé ní òun rò pé Ẹ̀bùn ti sọ ọ́. Nígbà tí Ẹ̀bùn dé, ó ní òun rò pé Yèyé ti sọ ọ́. Bí ẹbí ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìyẹn ni pé ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún, ó ti wà lọ́wọ́ mi. Mo fi abẹ gé e. Mo fi so Bíbélì. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ń sunkún lé e lórí pé Ọlọ́run kò dá mi lóhùn. Ẹja tó gbé e wá, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yí i ní gbogbo ọjọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ lé Yèyé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ̀bùn kò tíì dé o. A dúpẹ́ láìtíì rí i. A jẹ ẹja náà lọ́sàn-án, àwa méjèèjì, pẹ̀lú gààrí. N kò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé ni mo wà ní kíláàsì tí àwọn ọmọ dìde gbàgà. "Ẹ káàsán, sà." Mo yíjú. Òun ni. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìjì ló gbá ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn igi ní òdìkejì ọ̀sà, ó fọ́, àwọn ará ibẹ̀ ló gbà á sílé títí ó fi tún un ṣe, àwọn náà ló bá a gbé ẹja lọ fún alájàpá lójú omi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹja dé?"

Mo ní, "Ó dé."

Ó ní, "Ṣé kò dá yín lójú ni, tí ojú yín fi wú báyìí?"

Iwájú àwọn ọmọ ni. Mo kàn kọjú sí pátákó, mo ń nu ibi tí nǹkan kan kò sí.

Tèmi, mo mọ ohun tí o ń rò. O ń rò pé tìrẹ náà á yọrí sí ẹ̀rín. N kò mọ̀. Mo ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀, n kò sì ní fi ẹnu tíṣà parọ́ fún ọ. Èmi náà bi Yèyé léèrè lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Yèyé, lọ́dún tí bàbá kò dé, tí okùn kankan kò dé, kí lẹ ṣe?"

Ó ní, "Ẹja ẹlẹ́ja wà nílẹ̀. Mo yan án." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ mi kò lè yí i. Obìnrin mẹ́fà ló wá. N kò pè wọ́n. Wọ́n jókòó yí ààrò ká, wọ́n ń bá mi yí i. Ẹnikẹ́ni kò wàásù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n wá, títí ọwọ́ mi fi padà. Nígbà yẹn mo ń bi Ọlọ́run pé níbo ló wà. Ìyàwó, nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé ọwọ́ méjìlá rẹ̀ ló wà lórí ààrò mi."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ìdààmú bá dé, n kì í kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ àdúrà. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi. Mo máa ń wo orí agbọ̀n. Ta ló wá lónìí? Kí ló gbé wá? Nígbà tí Ẹ̀bùn kú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, lórí ibùsùn rẹ̀, tí mo sì sin ín, mo dúpẹ́ pé mo mọ ibi tó wà. Yèyé kò rí ìyẹn gbà. Ìwọ, jẹ́ ká wò ó. Ta ló rí kókó náà? Nọ́ọ̀sì tó ní kí o jókòó kó tún yẹ̀ ọ́ wò nígbà tí o fẹ́ máa lọ. Ta ló ń dáná fún àwọn ọmọ rẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ìyá onílé yín, tí o ní ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ta ló ń bá ọ tẹ ìwé ní ibi iṣẹ́ kí ọ̀gá má baà mọ̀ pé o ti ń ṣìṣe? O sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ. Èènì ni o pe gbogbo wọn. O gé okùn wọn.

Ayé ti yí padà o. Ìròyìn yá ju ìjì lọ báyìí, fóònù á dún, àìsàn tó wà lára ènìyàn á dé etí rẹ̀ kó tó dé ara rẹ̀ tán. Àwa kò ní fóònù. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá jókòó nídìí ààrò. Ẹ̀yin máa ń ti ilẹ̀kùn, ẹ ó ní ẹ kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú. Ìyẹn nìkan ló ń dùn mí nínú ayé tuntun yìí.

Na ọwọ́ sí Bíbélì tó wà lẹ́bàá rẹ yẹn. Bíbélì kẹta nìyí, okùn yẹn kò yí padà. Tú u. Má so ó mọ́ ọrùn o, kì í ṣe ońdè, agbára kankan kò sí lára rẹ̀. Fi so ìwé ọsibítù rẹ, nítorí mo rí i pé ó ń tú. Lọ́jọ́bọ̀, dúró dè mí ní Onípanu, a jọ ń lọ ni. Èmi ni màá di ìwé náà mú. Bí o kò bá rí ọ̀rọ̀ àdúrà, èmi náà kò nílò rẹ̀, a ó dákẹ́ pa pọ̀.

Ó tó. Pa fóònù yẹn. Ẹja wà lórí iná lẹ́yìnkùlé, apá kan rẹ̀ á ti máa jóná. Dìde, wá bá mi yí i.